Kì Í Ṣe Gbogbo Àmì Pupa Ni Ewu: Bí A Ṣe Ń Ka Ìkìlọ̀ Dísìkì Nínú Event Viewer

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ o, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán àti fídíò tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wa tún yà mọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá, òkè òkun níbí ni wọ́n bí yín sí, tàbí kí wọ́n ti kó yín wá ní kékeré. Ẹ sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ yín lọ́rùn: ẹ̀yin ni ẹnjiníà ilé. Bí Mọ́mì bá gbàgbé password, ẹ̀yin ni. Bí printer Dádì bá kọ̀ tí kò tẹ̀wé, ẹ̀yin náà ni. Àǹtí tí ẹ kò rí láti ọdún tó kọjá á pè yín ní aago mẹ́wàá alẹ́: "Ọmọ dáadáa, laptop mi ń ṣe ségesège, jọ̀ọ́ bá mi wò ó." Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òní wà fún. A fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà Windows fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ nípa dísìkì inú rẹ̀.

Dísìkì tí mò ń wí ni ibi tí gbogbo fáìlì yín ń gbé. Ó lè jẹ́ hard drive àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí nínú, ó sì lè jẹ́ SSD tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀. Bó bá kú láìsí ẹ̀dà níbòmíràn, ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Fídíò ìsọmọlórúkọ, ohùn ìyá àgbà tí ń ki oríkì yín, ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ ìwé yunifásítì ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ pátá.

Àwọn méjì ló máa ń pàdánù nínú ọ̀ràn yìí. Ẹni àkọ́kọ́ rí àmì pupa, ẹ̀rù bà á, ó gbé owó fún olè. Ẹni kejì rí ìkìlọ̀, ó ní "kò sí nǹkan kan," dísìkì wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kúrò nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a ń lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ "Event Viewer", ẹ ṣí i. Lápá òsì ẹ ó rí Windows Logs. Ẹ ṣí ìyẹn náà, ẹ wá tẹ System. Ẹ ó rí ìlà lórí ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó fẹjọ́ sùn, ìyẹn Source, àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà, ìyẹn Event ID. Ní ti ìwúwo, Information ni ìròyìn lásán, Warning ni ìkìlọ̀ tó ní àmì yẹ́lò, Error ni àṣìṣe tó ní àmì pupa, Critical ló wá ga jù.

Ẹ rò ó bí ìwé tí gáàdì ẹnu géètì máa ń kọ ní àwọn estate ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ kí àwọn ẹbí nílé, ẹ ti rí i. Ẹni tó wọlé, ó kọ ọ́. Ẹni tó jáde, ó kọ ọ́. Mọ́tò tó dé tí kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un kíákíá, ó kọ ọ́. Bí ẹ bá ka ìwé yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí ìjà, ẹ ó rí ariwo, ẹ ó rí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kò ní kí ilé ti jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Event Viewer rí. Kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le koko, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, yóò ní àmì pupa àti yẹ́lò nínú rẹ̀. App kan pẹ́ kó tó dìde, Wi-Fi kò tíì wọlé nígbà tí app mìíràn ń wá a, ó di ìlà. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ DistributedCOM 10016, ó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ Microsoft fúnra wọn sọ pé a lè fojú fò ó.

Ibí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ti rí ọ̀nà gbà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fóònù á dún nílé Mọ́mì lọ́sàn-án. Ẹni tó pè á ní ọ̀dọ̀ Microsoft lòun ti ń pè, pé kọ̀ǹpútà wọn ń fi fáírọ́ọ̀sì ránṣẹ́ káàkiri. Mọ́mì á ní òun kò gbà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ ka iye pupa tí ẹ rí." Mọ́mì á ṣí i, wọ́n á sì rí ogún, ọgbọ̀n. Àyà wọn á já. Láti ibẹ̀, wọ́n á ní kí Mọ́mì gbé app kan sórí ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí àwọn rí inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, káàdì báńkì á sì jáde láti inú pọ́ọ̀sì. Ní oṣù October 2012, Federal Trade Commission ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ẹjọ́ tí wọ́n pe mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò tíì tán.

Ẹ kíyè sí ohun tó mú kí ẹ̀tàn yẹn lágbára. Gbájúẹ̀ yẹn kò fi irọ́ hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Àmì pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló purọ́ rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ. Àwọn òbí wa ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ṣòro fún wọn láti já fóònù mọ́ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lójú. Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kó tó ṣẹlẹ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ pè mí. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́." Microsoft kì í ṣàdéédéé pe èèyàn. Ìkìlọ̀ tòótọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn kì í sì í ní nọ́ńbà fóònù nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá torí olè sọ pé irọ́ ni gbogbo ìwé gáàdì. Ìlà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i, kí ẹ dìde lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ dísìkì ni.

Báwo la ṣe máa yọ ọ́ sọ́tọ̀? Lápá ọ̀tún nínú System yẹn, ẹ ó rí "Filter Current Log". Ẹ tẹ̀ ẹ́. Níbi tí wọ́n ti bèèrè Event ID, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ẹ fi kọ́mà sí àárín wọn: 7, 11, 51, 52, 55, 129, 153, 157. Ìlà ẹgbẹ̀rún lè ṣẹ́kù sí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Nọ́ńbà nìkan kò tó. Bọ́lá pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè pé Bọ́lá ilé ta ni. App mìíràn lè ní 7 tirẹ̀ tí kò kan dísìkì rárá. Ẹ wo Source. Bó bá jẹ́ disk, tàbí Ntfs, tàbí storahci, tàbí stornvme, ti dísìkì ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo máa pín wọn sí ilé mẹ́ta.

Ilé kìíní: dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń ké. Nọ́ńbà 7 láti ọ̀dọ̀ disk ni: "The device, \Device\Harddisk0\DR0, has a bad block." Wọ́n pín dísìkì sí yàrá kéékèèké, 512 báìtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan láyé àtijọ́, àwọn tòde òní ń lo 4096. Windows kàn yàrá kan pé kó gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ wá, dísìkì ní òun kò lè kà á mọ́. Ó dà bí ìwé tí ikán ti jẹ ojú ewé kan nínú rẹ̀. Dísìkì ní yàrá àpamọ́ tó máa ń fi rọ́pò àwọn tó bàjẹ́, ó sì máa ń ṣe é láìpariwo. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí 7, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tó lè tún ṣe ní bòńkẹ́lẹ́. Nǹkan kan wà nínú yàrá yẹn tí kò ṣeé kà. Ó lè jẹ́ fáìlì tí ẹ kò lò láti ọdún márùn-ún, ó sì lè jẹ́ àwòrán ìgbéyàwó yín.

Nọ́ńbà 52 tún wà. Òun kì í fi òwe sọ̀rọ̀. Ó ní dísìkì ti sọ tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun máa kú, kí ẹ tètè ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ pààrọ̀ òun. Ẹ sì wo ohun ìyanu tó wà níbẹ̀: yẹ́lò ni àmì tí Windows fi sí i, Warning lásán. Ìkìlọ̀ tó burú jù nínú gbogbo wọn kò wọ aṣọ pupa rárá. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ nìkan kàwé yóò kọjá lára rẹ̀, yóò lọ máa da ara rẹ̀ láàmú lórí 10016.

Ilé kejì: ọ̀nà tó wà láàárín dísìkì àti kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà 11 ní àṣìṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ controller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí dísìkì. Nọ́ńbà 153 ní "was retried": Windows béèrè nǹkan, kò rí i gbà, ó tún béèrè. Nọ́ńbà 129 ní Windows dúró títí, dísìkì kò fèsì, ló bá jí i tipátipá. Nígbà tí 129 bá ń ṣẹlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń dì gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí ọwọ́ mouse kò ní ṣeé gbé, lẹ́yìn náà tí gbogbo nǹkan á tún máa lọ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà 157 ní "surprise removed", ìyẹn ni pé dísìkì ṣàdéédéé pòórá. Bí ẹ bá fa USB yọ láìdágbére, 157 lè jáde, kò sí ẹ̀bi dísìkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án tó pòórá, ẹ wádìí rẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ nínú ilé kejì yìí ni pé ẹ̀bi lè má sí lọ́rùn dísìkì. Ó lè jẹ́ wáyà tó ti dẹ̀, ojú ihò USB tó ti jẹ, iná tí kò tó, tàbí driver tó ti gbó. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ju dísìkì tó dára nù, wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀dàlẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà 51 wà ní ẹnu ààlà ilé méjèèjì. Ó ní àṣìṣe wáyé nígbà tí Windows ń kó nǹkan láàárín iranti rẹ̀ àti dísìkì. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ẹ fa USB yọ kì í ṣe ogun. Mẹ́wàá lójúmọ́ lórí dísìkì inú laptop, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ilé kẹta: ètò àwọn fáìlì. Nọ́ńbà 55 láti ọ̀dọ̀ Ntfs ní ètò tí a fi to fáìlì ti dàrú. Dísìkì lè dára, kó jẹ́ pé katalọ́ọ̀gù ló dàrú, bí ilé ìkàwé tí ìwé pé nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnì kan da káàdì rẹ̀ nù. Ohun tó sábà máa ń fà á ni kí iná lọ lójijì nígbà tí Windows ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Dádì tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ibí sí Ìbàdàn, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹ lè ṣí ìwé yẹn kí ẹ rí Kernel-Power 41 tò bẹẹrẹ, Critical lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwúwo tó ga jù lọ. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ti yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, NEPA ló mú iná lọ. Ẹ má sọ fún Dádì pé dísìkì ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ ní UPS sà?" Ṣùgbọ́n bí 55 bá ń tẹ̀lé 41 kiri, iná tó ń lọ yẹn ti ń ba ètò fáìlì jẹ́. UPS ló yẹ kí ẹ fi owó ránṣẹ́ rà. Dísìkì tuntun kò ní yanjú rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí: èyí tó ga jù nínú ìwúwo lè jẹ́ ọ̀rọ̀ NEPA, yẹ́lò tó rọra jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì lè jẹ́ ikú dísìkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ṣe fi àwọ̀ kàwé.

Bí ẹ bá ti rí ìlà dísìkì, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í.

Àkọ́kọ́, dísìkì wo ni? Nínú ọ̀rọ̀ ìlà náà ẹ ó rí Harddisk0, tàbí Harddisk1, tàbí Disk 2. Láti 0 ni wọ́n ti ń ka á. Ẹ ṣí Disk Management, ẹ ó rí Disk 0, Disk 1, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti lẹ́tà rẹ̀. Ẹ fi wéra. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ńbà 11 tó dẹ́rù ba èèyàn máa ń jẹ́ ti USB kékeré kan tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tí kò bèèrè ìbéèrè yìí lè yọ dísìkì tó dára jù sí àpótí ìdọ̀tí.

Èkejì, ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró.

Ẹ̀kẹta, ta ni ó bá rìn? 7 pẹ̀lú 51 àti 55 lórí dísìkì kan náà, dísìkì ń lọ. 129 pẹ̀lú 153 láìsí 7, ẹ wo wáyà, iná àti driver kí ẹ tó náwó.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé System yìí kò gùn títí. 20 MB ni wọ́n sábà fún un láyè, bó bá kún, ó máa ń pa àtijọ́ rẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tó kọ yín lóminú, ẹ lo "Save All Events As" kí ẹ fi pamọ́ sórí dísìkì mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí ẹ ó ṣe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á rí 7, á sáré lọ wá ojútùú, wọ́n á ní kó lo chkdsk pẹ̀lú /r, á sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró ná. chkdsk /r máa ń ka dísìkì látòkè délẹ̀, yàrá kan kò ní ṣẹ́kù. Dísìkì tó ń kú lọ, ẹ ń ní kó sáré máratọ́ọ̀nù. Ó lè parí sójú ọ̀nà. Ó sì tún lè gé fáìlì tó ti fara pa kù níbi tó ti ń tún ètò ṣe. Irinṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìgbà tirẹ̀ kò tíì tó.

Ẹ̀dà ni àkọ́kọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí Windows tàbí app, ìyẹn ṣeé tún gbé wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò sí níbòmíràn: àwòrán, fídíò, ohùn àwọn àgbà, ìwé ìgbélùú, ìwé owó orí, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ kó o sórí dísìkì mìíràn, kì í ṣe fódà mìíràn lórí dísìkì kan náà. Bí fáìlì kan bá kọ̀, ẹ fò ó, ẹ kó àwọn yòókù, kí ẹ tó padà sí i. Bí dísìkì bá ń dún kàkàkà, tí ohun inú rẹ̀ sì ṣe pàtàkì gan-an, ẹ pa á, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń fi yíyọ fáìlì ṣiṣẹ́ ṣe. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án, ẹ ń dín ohun tí wọ́n lè rí yọ kù.

Lẹ́yìn ẹ̀dà ni àyẹ̀wò. Dísìkì ní àkọsílẹ̀ ìlera tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SMART. App ọ̀fẹ́ bíi CrystalDiskInfo máa ń fi hàn. Lórí hard drive, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin. Nọ́ńbà 5 ni iye yàrá tí dísìkì ti fi àpamọ́ rọ́pò. 197 ni àwọn tó ń fura sí. 198 ni àwọn tí kò lè kà rárá. Bí mẹ́ta yìí bá ń gòkè, dísìkì ni. Nọ́ńbà 199 ni ọ̀rọ̀ tó dàrú lójú ọ̀nà. Bí òun nìkan ló ń gòkè, wáyà ni kí ẹ fura sí.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Google, Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso, gbé ìwádìí kan jáde lórí dísìkì tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé dísìkì tí àyẹ̀wò bá ti rí àṣìṣe lójú àwo rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ju èyí tí kò ní lọ. Ìyẹn kúrò ní ohun à ń fojú fò. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà rí i pé nínú àwọn dísìkì tó kú, ó lé ní ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì SMART mẹ́rin tó lágbára jù. Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀: bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ gbà á gbọ́, bí ìkìlọ̀ kò bá dé, ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Kí ẹ tó tú laptop palẹ̀ láti pààrọ̀ dísìkì, ohun méjì péré. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ laptop òde òní ti fi BitLocker ti dísìkì pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò bèèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ yẹn nínú àkántì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáráńtì dísìkì náà kò tíì tán. Wọ́n lè fún yín ní òmíràn. Ṣùgbọ́n dísìkì òfìfo ni wọ́n máa fún yín o, wọn kò ní dá ohùn ìyá àgbà padà.

Ẹ̀yin oní-Mac, ẹ lọ sí Disk Utility, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ S.M.A.R.T. status sí. Bó bá ní Verified, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bó bá ní Failing, ẹ ti mọ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin oní-Linux, ẹ wá "I/O error" nínú dmesg tàbí journalctl.

Ní ìparí, Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìwé Event Viewer yẹn, àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni, nígbà tó bá rántí sọ. Nígbà tí kò bá sọ, ẹ̀dà nìkan ló kù. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta ohun tó bá ṣe iyebíye: orí kọ̀ǹpútà, orí dísìkì ìta, àti ọ̀kan tí kò sí nínú ilé yín rárá. Ó lè jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n yín. Ilé tó jó kì í yan dísìkì mú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tòní rèé. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì àti Dádì, ẹ ṣí System, ẹ fi àwọn nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn yọ ọ̀rọ̀ dísìkì sọ́tọ̀, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ tó dìde, ẹ pe Mọ́mì kí wọ́n wá jókòó ti yín. Ẹ fi àwọn àmì pupa tí kò ní ìtumọ̀ yẹn hàn wọ́n, kí ẹ ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, báyìí ló ṣe máa ń rí. Kò sí nǹkan tó ṣe é." Lọ́jọ́ tí gbájúẹ̀ bá pè, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ní ìlà tí kò yé yín, ẹ kọ Source rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ fídíò yìí, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má kọ orúkọ yín tàbí nọ́ńbà fóònù síbẹ̀ o, àwọn tí à ń sọ yẹn náà ń kàwé. Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ́ ẹnjiníà ilé tiyín.